Ọmọlangidi Tó Ń Jókòó

Ibi iṣẹ́ wa ní Sángo, abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì la ń fi rọ́bà ṣe. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọmọlangidi àwọn ará Jàpáànù fi wọ̀ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Rọ́bà lòun náà, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ń yí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń ká, orúnkún rẹ̀ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ ń tẹ̀ láìdẹ̀. Kódà, ó ní ojú méjì tí a lè pààrọ̀: ọ̀kan ń bínú, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín. Akọni obìnrin inú kàtúùnù ni wọ́n fi ṣe, orí rẹ̀ tóbi, ẹyinjú rẹ̀ yọ ràbàtà. Ẹnìkan bá mi rà á wá láti òkè òkun, mo sì gbé e sórí pẹpẹ ní pálọ̀ wa ní Ìtẹ̀lé. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ara rẹ̀.

"Ṣé orogún mi ti jí?" ni ìyàwó mi máa ń bi mí. Kò mọ nǹkan tó dáa, ẹ dá a lóhùn.

Nígbà tí a bí àkọ́bí wa, ìyá ìyàwó mi wá láti Ọ̀ṣun wá bá wa wẹ ọmọ. Ìyá ìjọ ni, irú èyí tí í fi àdúrà jí gbogbo ilé kí àkùkọ tó kọ. Mo ti múra sílẹ̀ de ìwàásù nítorí ohun tó wà lórí pẹpẹ mi. Ìyá ò wàásù. Ní Sátidé tó kọ́kọ́ ṣe lọ́dọ̀ wa, ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń nu ọmọlangidi náà, ó mi orí, ó fi etí ìró nu ojú. Láti ọjọ́ náà, ẹran inú ọbẹ̀ mi di ńlá. Ó hun fìlà òwú fún ọmọ, ó tún hun ọ̀kan tí kò lè gba orí ológbò. A rò pé òwú ló tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá akọni mi tó ń dán yinrin. Òrí wà ní gbogbo oríkèé rẹ̀, fìlà òwú sì wà lórí rẹ̀. Inú bí mi, mo pariwo. "Ta ló fọwọ́ kan nǹkan mi?"

Ìyá jáde wá láti yàrá, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá ọmọ, ẹ má bínú. Bí mo ṣe wẹ èyí tán ni mo ní kí n fi òrí pa ìkejì rẹ̀ náà lára. Ẹ ò sọ fún mi pé ìbejì lẹ bí, pé ọ̀kan ti lọ. Ẹ̀ ń dá ọ̀fọ̀ náà gbé. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e."

Ìbínú mi wá ibi gbà. Ère ìbejì ló pè é, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń gbẹ́ tí ìbejì kan bá kú, tí wọ́n á máa wẹ̀, tí wọ́n á máa fún lẹ́wà jẹ. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, tọ́ì ni! Ọmọ kan ṣoṣo la bí. Ẹnikẹ́ni ò kú."

"Ọlọ́run, o ṣeun," ni Ìyá wí. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

"Ìbejì lèmi," ó wí. "Ìkejì mi kú ní kékeré. Èmi àti ìyá mi la jọ ń wẹ ère rẹ̀. Nígbà tí mo gba Jésù, wọ́n ní kí n dáná sun ún. Mo sì sun ún. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti ń fi òrí pa ọmọ lára, ọwọ́ mi á máa wá ìkejì."

Ìyàwó mi tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ère yìí rí.

Nígbà tí Ìyá ń lọ sílé, mo yọ ojú tó ń bínú lára ọmọlangidi náà, mo fi èyí tó ń rẹ́rìn-ín sí i, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo tì í bọ inú báàgì Ìyá. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́. Ìyá ní kí lòun fẹ́ sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ ní nǹkan ìṣeré ọmọ ọmọ yín ni."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Ìyá lórí fóònù, mo bi í bóyá òrí ò tíì ba oríkèé ọmọlangidi náà jẹ́.

"Ó ń ká dáadáa," ló wí. "Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ti ìkejì mi, ìdúró ló máa ń wà. Àá máa jẹun, òun á wà lóòró. Eléyìí ń jókòó tì mí."