Òdo Tí Tíṣà Àkọ́sórí Fún Ọmọ Kan

Àkọ́sórí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ń pe tíṣà ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn yìí lẹ́yìn, orúkọ náà sì bá a mu wẹ́kú. Fún ọgbọ̀n ọdún, ọmọ tí kò bá kọ nóòtì rẹ̀ bó ṣe pè é gẹ́lẹ́ kì í rí máàkì gbà. Áńgẹ́lì pàápàá, bó bá jókòó ṣe ìdánwò náà láì ka nóòtì, yóò féèlì.

Tíṣà obìnrin kan tó kàwé lókè òkun bá a sọ ọ́ nígbà kan. "Ẹ̀gbọ́n, níbi tí mo ti kàwé, ìbéèrè àwọn ọmọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí."

Àkọ́sórí rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, ṣé ìbéèrè ló máa mú wọn wọ yunifásítì? Kí wọ́n ṣáà yege."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó fẹ̀yìn tì, ó ń palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́, ló bá rí ìwé ìdánwò ọmọbìnrin kan láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ìbéèrè náà ní kí wọ́n kọ ìdí márùn-ún tó fi yẹ kéèyàn máa dárí jini. Ọmọbìnrin náà kò kọ ìdí kankan. Ohun tó kọ ni: "Sà, dírẹ́bà tó pa màmá mi ń gba iwájú ilé wa kọjá lójoojúmọ́. Mo fẹ́ dárí jì í. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Lábẹ́ rẹ̀, tíṣà ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé: "Kò sí nínú nóòtì. Òdo."

Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tirẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó di ẹrù wá. Ó mọ ọmọ náà dáadáa. Òun ni télọ̀ òpópónà kejì tó ń bá a gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà rí.

Ó lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Télọ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kó aṣọ kúrò lórí àga fún un.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi," ló wí. "O bi mí ní ìbéèrè gidi, mo fún ọ ní òdo. Mo wá ká jọ sọ ọ́."

Télọ̀ dá máṣíìnì dúró.

"Ẹ ṣeun, sà. Mi ò tún bi ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ṣebí kò yẹ kéèyàn béèrè irú ẹ̀ ni. Ọkùnrin yẹn ti kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú ẹ̀ kọjá níwájú ilé wa, mo ti fèrèsé pa."