Ojú Ìyá Àgbà

Nọ́ọ̀sì na káàdì ìdánwò ojú sí mi, irú èyí tí wọ́n ní dókítà ará Austria kan ṣe láyé àtijọ́: lẹ́tà ń kéré sí i lọ sísàlẹ̀.

Nígbà èwe mi ní Festac, Sáàmù kẹtàlélógún ni dókítà tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa kọ sórí káàdì tirẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i kà ni yóò tọ́jú. Ooru ti mú wa, ó ti rẹ̀ wá lórí ìlà, kí ó tó kan Ìyá Àgbà tí mo tẹ̀ lé lọ. Ó kà á tán láìdúró.

"Màmá, ojú yín ríran ju tèmi lọ. Ẹ máa lọ sílé," ni dókítà wí.

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa."

Àkọ́sórí ni Ìyá Àgbà kà, kò rí lẹ́tà kankan; ojú rẹ̀ sì fọ́ pátápátá kó tó kú.

Nígbà tí a jáde síta lọ́jọ́ náà, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó di apá mi mú. "Ṣé òjò ti ṣú ni?"

Mo rò pé àwàdà ni, mo sì rẹ́rìn-ín.