Kòlì Kan Tó Kù Nílé Tata Awaou

Ilé Tata Awaou kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí ọkọ̀ fi dẹ́kun àtimáa kọjá. Ọdún kejì rẹ̀ ni ọkọ náà kú. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: ọ̀kan wà ní Gabon, èkejì bá ọkọ tirẹ̀ lọ sí Djougou. Ó wá ku obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, òun nìkan, nínú pálọ̀ tó gba ogún ènìyàn. Fún oṣù mẹ́jọ, àdúà kan ṣoṣo ló ń ṣe lẹ́yìn gbogbo ìrun: "Ọlọ́run, má jẹ́ kí ilé yìí dákẹ́ mọ́ mi lórí."

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Faridath wá kanlẹ̀kùn. Ọmọ àdúgbò ni, ó ń bá ilé iṣẹ́ kan ní Kútọnu ṣiṣẹ́, àwọn tó ń tajà lórí tẹlifóònù. Ènìyàn á wo àwòrán aṣọ tàbí ìkòkò, á tẹ èyí tó wù ú, wọn á dì í ránṣẹ́. Kòlì ni gbogbo ayé ń pe ẹrù dídì náà. Wọn ò ní bùtíìkì, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù, ní Tchaourou nígbà yẹn. Wọ́n ń wá ilé kan tí wọ́n á máa já kòlì sí, kí oníkálukú lè wá mú tirẹ̀. Faridath ní pálọ̀ Tata dára fún un. Tata ò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ó ní kí wọ́n máa kó wọn bọ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó rán ọmọ yẹn wá ju Ẹni tó ń bẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ lọ.

Fún odidi ọdún méjì, pálọ̀ kò ṣófo. Àwọn ará Sanson ń wá, àwọn ará Kika ń wá pẹ̀lú eruku lára. Tata kì í sì í gbé kòlì fún ènìyàn lórí ìdúró. Wàá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wàá mu omi, wàá sì tú u lójú rẹ̀. Bó bá ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀, á ní, "Kú ìnáwó o. Ọlọ́run á jẹ́ kí o lò ó gbó." Gbogbo ẹni tó wà níjòókòó, títí kan ẹni tí kò mọ ọ́ rí, á ní àmín. Lọ́jọ́ kan, Nasser mẹkáníìkì, tí orí rẹ̀ ń dán bí àwo, ra ìpara tí wọ́n ní ó ń hu irun. Tata ṣàdúà sí i. Obìnrin kan ní kí wọ́n kígbe àmín eléyìí dáadáa, torí iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀. Nasser fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá di pé àwọn kan kì í lo nǹkan tuntun mọ́ bí wọn ò bá tíì ṣe àmín sí i nílé Tata.

Ọjà wọn ń tà, ló bá di pé wọ́n ṣí bùtíìkì tiwọn sétí títì ọlọ́dà. Ó ní gíláàsì, ó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, ó ní bébà nọ́ńbà tí ènìyàn ń gbà kí wọ́n tó pè é. Faridath ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó mú ọkọ̀ wá kó àwọn kòlì tó ṣẹ́kù.

Kòlì kan wà tí Tata ti fi sínú àpótí àwọn fìlà ọkọ rẹ̀ kí eku má baà jẹ ẹ́. Ó kéré, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Djamal, àgbẹ̀ kan ní Kika, ló ni ín. Nígbà tí Faridath béèrè bóyá ó tán, Tata ní, "Ó tán."

Ọ̀rọ̀ náà jáde kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń wí fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe olè. Djamal ṣáà máa wá, á jókòó, á mu omi, á tú u. Ẹnì kan péré ni, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò mọ̀ pé wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù gbogbo ènìyàn pé bùtíìkì ni kí wọ́n máa lọ.

Ó ń gbálẹ̀ pálọ̀ láràárọ̀. Ó ń pọn omi tútù sínú ìkòkò, bó bá di ìrọ̀lẹ́, á dà á sídìí ewéko. Lórí ìrun, ó ń fetí sílẹ̀ bóyá òun á gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè kan ń wá sí i lọ́kàn: bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló fún mi, ta ló wá gbà á? Kó tó bi í tán, á ti tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè náà á tún padà wá.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹnì kan kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án. Faridath ni. Inú Tata dùn débi pé ó da omi sílẹ̀ nígbà tó ń bù ú. Àmọ́ Faridath ò mu ún. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Djamal ti wá láti Kika, tí wọn ò rí kòlì rẹ̀. Àwọn Kútọnu ní ìwé fi hàn pé ó dé Tchaourou, nítorí náà òun ló sọ ọ́ nù, wọ́n sì ti rí ẹni tó máa rọ́pò òun. Aṣọ ìkómọ ọmọ Djamal ló wà nínú rẹ̀, lánàá ni wọ́n sì sọ ọmọ náà lórúkọ.

Tata dìde, ó ṣí àpótí, ó gbé kòlì náà lé e lọ́wọ́.

"Tata, ẹ ní ó tán."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá ni."

Faridath gbójú sókè kúrò lára kòlì náà. "Mò ń kọjá níwájú ilé yìí láràárọ̀. Ẹ ò bá pè mí."

"Ìwọ náà ò bá yà."

Tata ní kó bá òun pe ọ̀gá rẹ̀ ní Kútọnu. Ó sọ fún ọkùnrin náà pé ọwọ́ òun ni kòlì wà, pé irọ́ lòun pa, kí wọ́n fi ọmọ yẹn sílẹ̀ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní merci, maman, ìyẹn ẹ ṣeun, màmá, ó sì pa tẹlifóònù. Faridath ní bùtíìkì lè fi kòlì ránṣẹ́ sí Kika. Tata ní rárá, òun fúnra òun ni yóò gbé e débẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun alùpùpù akérò lọ. Djamal ti lọ sóko kajú. Raoudath, ìyàwó rẹ̀, ló bá nílé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Tata jẹ́wọ́ fún un, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ti múra fún èébú. Raoudath kàn ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá, màmá. Bùbá bàbá rẹ̀ la fi wé e lọ́jọ́ ìkómọ." Ó gbé kòlì náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò tú u.

Tata dúró de kó tú u. Nígbà tó yá, ó béèrè orúkọ ọmọ. Malik ni. Ó ní ṣé òun lè ṣàdúà. Raoudath ní, "Ẹ ṣe é, màmá," ó sì jáde lọ sẹ́yìnkùlé tòun tọmọ lọ bu omi fún àlejò.

Ó ku Tata àti kòlì náà nínú yàrá. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ kú ìnáwó o. Ọlọ́run á jẹ́ kí Malik lò ó gbó."

Ó dúró. Ó ń gbọ́ tí igbá ń kan ẹnu ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Kò gbọ́ àmín kankan.

"Àmín," ó fi ẹnu ara rẹ̀ wí. Kò mọ̀ bóyá ó tó.

Raoudath gbé omi wọlé. Tata fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì mu ún tán.