Òórùn Inú Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọkọ̀ náà ti gbó kó tó dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kùtọ́nù ló ti rà á, níbi tí wọ́n máa ń to àwọn ọkọ̀ àlòkù tó bá ti orí omi dé sí. Kì í ṣe ọkọ̀ èrò, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ẹrù. Àwọn òyìnbó ló ṣe é kí wọ́n lè máa gbé inú rẹ̀ bí wọ́n bá lọ sí ìrìn àjò. Ibùsùn wà lẹ́yìn, ààrò onígáàsì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi kan sì wà níbẹ̀ tí omi ò gbẹnu rẹ̀ jáde rí. Ike ni wọ́n fi bo gbogbo ara rẹ̀ nínú, láti òkè dé ilẹ̀. Ike náà á ti funfun nígbà kan. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, oòrùn ti sọ ọ́ di aláwọ̀ àgbàdo gbígbẹ.

Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà. Ó ń kó o láti Kùtọ́nù wá sí Àgbádárìgì, ó tún ń ná àwọn ọjà tó wà lápá Ìkọ́gà. Ó ti sùn lórí ìsọ̀ rí, ó ti sùn lórí ẹrù aṣọ nínú mọ́tò rí, ó ní ó ti sú òun. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà wọ àgbàlá wa, àwọn ará àdúgbò tú jáde wá wò ó bí ẹní wá wo ìyàwó. Wọ́n sọ ọ́ ní Ilé Àlàájà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ń ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn. Inú àgbàlá tí bàbá wa fi sílẹ̀ létí ọ̀sà ni òun, èmi àti ìyàwó mi jọ ń gbé. Iṣẹ́ káfíńtà ni èmi ń ṣe.

Nígbà tí kókó yọ sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́mú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fi àgbo pa á, ó ń ná ọjà rẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kó bá òun wẹ ẹ̀yìn mọ́. Kí a tó gbé e dé ọsibítù, kókó ti di egbò. Jẹjẹrẹ ni, wọ́n wí. Wọ́n ní kó máa wá sí ọsibítù ńlá kan láàárín Èkó, níbi tí ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa fi jó ojú ibẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé ọ̀dọ̀ wa mọ ohun tí ọ̀nà Èkó jẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá, bó bá dé, á fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè jókòó mọ́ nígbà náà. Ọkọ̀ rẹ̀ la wá fi ń gbé e. Òun á dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, ìyàwó mi á jókòó tì í, èmi á máa wà á. Bí a bá dé, inú ọgbà ọsibítù náà la máa ń sùn títí wọ́n á fi ní ká máa lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń gbé orí sí gan-an ni ike náà ti là. Ó là láti abẹ́ fèrèsé sọ̀kalẹ̀, gbogbo kòtò tí a bá sì kó sí ló ń fa ojú ìlà náà gùn sí i. Etí rẹ̀ mú bí àfọ́kù ìgò. Ó ń ha apá rẹ̀. Ara rẹ̀ nígbà yẹn, bí nǹkan bá ha á, kì í san bọ̀rọ̀.

"Ìwọ káfíńtà," ó wí fún mi, "ògiri ilé mi ń bù mí jẹ o."

Mo ra gúlúù, mo fi lẹ̀ ẹ́. A ò tíì dé Mọ́wó, tí kò jìnnà sílé, tó fi ṣí. Mo fi pátákó pẹlẹbẹ kan kàn án mọ́ra, ìṣó náà tún bá a dá ìlà mìíràn sílẹ̀. Igi ni mo mọ̀. Bí o bá kan igi níbi tí kò fẹ́, á kọ́kọ́ dún kó tó là. Ike àtijọ́ ò ní sọ nǹkan kan fún ọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òórùn bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìyàwó mi ń pààrọ̀ aṣọ ojú egbò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Nǹkan kan ń rà lẹ́yìn ike yẹn. Ẹ ò gbọ́ òórùn ni?"

Èmi àti ìyàwó mi wo ojú ara wa. A ti ń gbọ́ òórùn náà tipẹ́. Egbò rẹ̀ ni àwa méjèèjì rò pé ó jẹ́, nítorí náà ni ìyàwó mi ṣe ń fi kánfọ̀ há gbogbo igun, tó ń wọ́n lófíńdà sórí ìrọ̀rí. A ò dárúkọ rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ti ń lé àlejò. Bí àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá kí i, á ní ká sọ fún wọn pé òun ń sùn.

"Tú u," ó wí. "Tú u kí o wò ó."

Mo wa ọkọ̀ náà sí abẹ́ igi fúrúùtù tó wà nínú àgbàlá. Ìyàwó mi gbé àga síta fún ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ìborùn bò ó léjìká, ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ọ̀sà níbi tí àwọn tó ń lọ sí Tọ́pò ti ń wa ọkọ̀ ojú omi wọn kọjá. Àmọ́ kò wo ọ̀sà. Èmi ló ń wò.

Àwọn síkúrù tó di ike náà mú ti dógùn-ún. Iyọ̀ òkun kì í jẹ́ kí irin pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo fi epo rin wọ́n, mo ní sùúrù, mo tú èyí tó ṣeé tú, mo gé orí àwọn tó kù. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ṣóńṣó ike kéékèèké tó há sínú ihò irin. Wọ́n ń ṣẹ́ bí mo ti ń fà á, ìró wọn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pa ẹ̀pà. Nígbà tí ike náà já bọ́ sọ́wọ́ mi, òórùn kan jáde tó mú mi fi ẹ̀yìn rìn.

Rọ́bà etí fèrèsé ti gbó, omi òjò ti ń gba ibẹ̀ wọlé láti ìgbà tí a ò mọ̀. Fóòmù tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ike náà ti rin, ó ti dúdú, ó ti bu. Eku kan ti tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀. Ìyá àti ọmọ, gbogbo wọn ló ti kú síbẹ̀, wọ́n ti jẹrà mọ́ fóòmù.

Mo fi igi tú u jáde kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí i. Ó na ọrùn wò ó. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tí egbò ò sí lu itan rẹ̀.

"Mo sọ tàbí n kò sọ? Mo ní kì í ṣe èmi! Ẹ rí i bí? Kì í ṣe èmi!"

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ ohun tó ti ń rò láti ọjọ́ yìí. Ìyàwó mi wọlé lọ, ó ní òun fẹ́ gbé omi. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ òun náà ń rẹ́rìn-ín.

A sun fóòmù àti àwọn eku náà létí ọ̀sà. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ irin tó wà lẹ́yìn, mo fi ọ̀dà kùn ún, mo fi rọ́bà tuntun sí etí fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dojú kọ ike náà. Mo lọ bá ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa, mo yá áyánù tó fi ń jó òjé. Àwọn tó ń rán abọ́ ike tó fọ́ ni mo ti rí tí wọ́n ń lo irú rẹ̀.

Mo lu ihò tín-ín-rín sí ìdí ìlà náà, ibi tó dúró sí, kó má baà lè lọ síwájú mọ́. Mo dojú ike náà dé, mo gé nẹ́ẹ̀tì onírin ti fèrèsé sí wẹ́wẹ́, kí n lè fi áyánù tẹ̀ ẹ́ wọ inú ike láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹnu ìlà náà ò fẹ́ pàdé. Bí mo bá di òkè mú, ìsàlẹ̀ á yà.

"Gbé e wá," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ má ṣe wàhálà, ẹ̀gbọ́n mi. Èéfín rẹ̀ ò dáa."

"Ta ló ń so etí aṣọ pọ̀ jù mí lọ? Gbé e wá."

Ó gbé e lé itan, ó fi ìka pa ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tó bá ń fi han oníbàárà pé aṣọ méjì bá ara wọn mu. Àwọn ìka náà ti tín-ín-rín, àmọ́ wọ́n dì í mú gírígírí. Mo ń tẹ nẹ́ẹ̀tì náà wọlé, ike ń yọ́, ó ń bò ó. Mo gé díẹ̀ lára ike tó wà lábẹ́ ibùsùn, níbi tí ojú ò tó, mo yọ́ ọ sójú ìlà náà. Èéfín náà korò. Ó ń wúkọ́, kò sì jù ú sílẹ̀. Nígbà tó tutù, mo fi sáńpépà fá a, òun náà fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ pa á bọ̀.

"Kò ní bù mí jẹ mọ́," ó wí.

Mo dè é padà sáyè rẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀, ike náà ò là mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi jẹun. Ó ní kí ìyàwó mi kó kánfọ̀ dànù. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá kí òun nínú ilé òun. Ó lé tìróò, ó wọ aṣọ tí kò tíì wọ̀ rí.

Àwọn méjì ló wá. Wọ́n gun inú ọkọ̀ náà, wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó sì ń sọ ìtàn eku náà fún wọn, ó ń fi èdè Ègùn dá sí i níbi tí Yorùbá ò bá dùn tó. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rí i nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pẹ́ jù lọ, fa etí ìborùn rẹ̀ bo imú. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ọwọ́ rẹ̀ ló lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí i. Ó parí ìtàn náà, ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní oorun ń kun òun.

Kò tún ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí a tún lọ sí Èkó, dókítà mú èmi àti ìyàwó mi wọ yàrá kan. Ó ní ẹ̀rọ náà ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ó kọ oògùn ìrora fún wa, ó ní ká gbé e lọ sílé. A ò tíì mọ bí a ṣe máa sọ ọ́ tí a fi dé inú ọkọ̀. Kò sì bi wá.

Ojú ọ̀nà ni ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà kó lè tutù. Ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀ lọ wá omi tí a ó rọ sí i. Èmi lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi.

"Àbúrò," ó wí, "ìwọ náà ṣì ń gbọ́ òórùn yẹn. Sọ òótọ́ fún mi."

Mo fẹ́ sọ pé ti ẹ́ńjìnnì ni. Mo wo ojú rẹ̀, n ò lè sọ ọ́.

"Mo ń gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó mi orí. Ọkọ̀ ẹrù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbogbo ara ọkọ̀ wa ń mì.

"Ó dáa," ó wí. "Sọ fún ìyàwó rẹ kó kó kánfọ̀ rẹ̀ padà. Kó má tìtorí mi jókòó sínú òórùn bẹ́ẹ̀. Mo mọ bó ti rí."

Nígbà tí a délé, ó kọ̀ láti wọ yàrá mọ́. Ó ní atẹ́gùn ọ̀sà ń wọ inú ọkọ̀ náà dáadáa. Inú rẹ̀ la ti ń tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Oògùn ìrora náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́, ariwo rẹ̀ ń dé òpópónà. Mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá tan ẹ̀rọ ìfági, n ò sì ní fi fá nǹkan kan.

Àárọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyàwó mi gbé ògì lọ fún un, ó sì pè mí. Ohùn tó fi pè mí ti sọ ọ́ tán. Àwọn obìnrin wá wẹ̀ ẹ́. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, kí oòrùn tó yí.

Ọmọ rẹ̀ dé láti Àbíjàn lẹ́yìn tí a ti sin ín. Wọ́n ti dá ọkọ̀ wọn dúró ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, aṣọ ìrìn àjò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sunkún. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá, ó ń fi ẹsẹ̀ ya iyanrìn.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní màmá mi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó sùn," ó wí. "Òótọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ò sí níbí nígbà náà."

"Ṣé ó jìyà, bọ̀dá?"

Ìyàwó mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ojú bẹ̀ mí.

"Ó jìyà," mo wí. "Ó jìyà púpọ̀."

Nígbà náà ló tó sunkún. Ìyàwó mi sáré wá dì í mú. Ó bínú sí mi fún ọjọ́ mélòó kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn, n ò sì bá a jiyàn. Ọmọ náà, ní tirẹ̀, bó bá ń pè mí láti Àbíjàn títí di òní, kì í bi ìyàwó mi ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀. Èmi ló máa ń bi.