Àǹtí Mi-ò-Gbà Nílé Ìwòsàn

Àbúrò màmá mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Àǹtí Mi-ò-gbà. Bí búrẹ́dì bá kéré, wọn ò gbà. Bí ẹni tó ń tún bàtà ṣe bá rán an wọ́, á tú u, á tún un rán lójú wọn. Ẹnu wọn mú, àmọ́ wọn kì í purọ́.

Èmi ni mo máa ń pe aláìsàn wọlé lọ́dọ̀ dókítà ládùúgbò wa. Dókítà kan ṣoṣo la ní, obìnrin, ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ èèyàn, ìjókòó sì máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti ń bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n fún òun ní ẹnìkejì. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ rán olùyẹ̀wò wá bi àwọn aláìsàn bí ìtọ́jú ṣe rí. Dókítà yọ́ ọ sọ fún mi pé bí wọn ò bá fún òun, òun á fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ti rẹ òun. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu ń yún mi bí nǹkan míì!

Ẹ wá wo àwọn aláìsàn wa o. Wọ́n rò pé ńṣe ni olùyẹ̀wò fẹ́ wá lé dókítà. Bàbá onígbàjámọ̀ kó wọn jọ: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ráhùn! Ọmọ dáadáa lọmọ yìí." Wọ́n wá kọjú sí àǹtí mi, tí àwọn náà wá rí dókítà: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá wa panu mọ́ lónìí." Àǹtí ní àwọn ti gbọ́.

Olùyẹ̀wò dé, obìnrin kan báyìí tó wọ awò ojú. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti pẹ́ níbí?"

"Rárá o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni."

Irọ́ funfun báláú! Ìdájí ni bàbá onígbàjámọ̀ ti dé, èmi ni mo jí wọn nígbà tí wọ́n ń hanrun. Ìyá ọlọ́mọ kan tún ní òun ò tíì dúró rí.

Olùyẹ̀wò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé dókítà kan tó yín."

Mo bojú wo ilẹ̀kùn dókítà.

"Mi ò gbà!" Àǹtí mi ti dìde. "Irọ́ ni wọ́n ń pa fún ọ, ọmọ mi. Ìdí mi ti kú lórí àga yìí! Dókítà náà dáa, ó dáa jù, ìyẹn la ṣe ń dúró dè é. Àmọ́ òun nìkan ni. Ṣé irin ni? Ẹ̀yin náà, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!"

"Háà! Ẹ ti bá tiwa jẹ́!" Bàbá onígbàjámọ̀ ń fà wọ́n láṣọ pé kí wọ́n jókòó.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Dókítà ló dúró yẹn, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ̀yin òbí mi, ẹ má bò mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ráhùn. Èmi ni mo ń wá ẹnìkejì."

Bàbá onígbàjámọ̀ họrí, wọ́n kọjú sí olùyẹ̀wò. "Ó dáa. Máa kọ ọ́. Láti ìdájí ni mo ti wà níbí."

Ariwo bá sọ! Ẹsẹ̀ ẹni yìí ti wú, ẹ̀yìn tọ̀hún ń dùn ún, ìyá ọlọ́mọ ní díẹ̀ ló kù kí ọmọ òun hu eyín lórí ìjókòó. Olùyẹ̀wò ò rí i kọ tán. Bí wọ́n ṣe ń ráhùn ni dókítà ń rẹ́rìn-ín, tó ń nu ojú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí dókítà kejì dé, mo yọjú sí dókítà tiwa. Ó jókòó, ó ń jẹun, kò sáré. Mo rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.