Ẹ Má Fipá Mú Ẹ̀yìn Mi Tọ́

Nígbà tí mo ṣì kúrú ju ọmọ odó lọ, ẹ̀yin ọmọ mi, ní Bantè níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ìyá àgbà kan ń gbé ní òdìkejì ilé wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ẹrù iṣu tó ń rù bọ̀ láti oko Lougba láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ará Nàìjíríà kan tó ń ta bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà máa ń kọ́ àwa ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́. Faransé ni ti ilé ìwé; ti Gẹ̀ẹ́sì, eré ni. Lọ́jọ́ kan, ó kọ́ wa ní “bent”, ìyẹn ni pé nǹkan tẹ̀, ó ní kí kálukú wá ohun tí yóò fi sọ ọ́. Ọ̀kan mú igi, òmíràn mú ìṣó. Mo ń kà á bọ̀ wá sílé ni ìyá àgbà bi mí léèrè ohun tí mò ń wí. Mo ṣàlàyé fún un.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Igi lẹ rí, ẹ ò rí èmi! Fi mí sí i, jàre.”

Mo ní, “The old woman is bent.” Ó ń wí i tẹ̀ lé mi, ẹnu rẹ̀ tí kò léyín mọ́ ń gé e kù.

Nígbà tó yá, ó kọjú sí ìyá mi tó wà nítòsí, nítorí ìyá mi wà lára àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú fún àwa mùsùlùmí àdúgbò.

“Ìyàwó, tí mo bá kú, ẹ má fipá mú ẹ̀yìn mi tọ́. Mo gbọ́ bí eegun ẹ̀gbọ́n mi ṣe dún nígbà tí wọ́n ń fipá na òkú rẹ̀ lórí pákó ìwẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣáà lẹ máa fi tẹ́ mi sínú ilẹ̀, bí a ti ń tẹ́ mùsùlùmí. Bí mo ṣe rí yìí, mo lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.”

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ ti iṣu.”

“Iṣu ti sọ tirẹ̀ lẹ́yìn mi. Ṣé o gbọ́?”

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ní í jókòó máa fi ikú alààyè ṣe ọ̀rọ̀ sọ?

Ìgbà òjò ni ìyá àgbà kú. Ìyá mi ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Pira. Wọ́n rán alùpùpù lọ mú un, ẹrẹ̀ dá wọn dúró lọ́nà, bẹ́ẹ̀ a kì í pẹ́ ká tó sin òkú tiwa. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ìyá àgbà, ó nà gbọọrọ.

“Ẹ wá wò ó,” ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí tayọ̀tayọ̀, “a ti bá a tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe! Ó dà bí ọmọge.”

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Lónìí, káṣú ti gba ilẹ̀ iṣu, àwọn èèyàn wa sì ti fọ́n ká. Àwọn mìíràn ń kú sí ọsibítù ìlú òkèèrè, a ń gbé wọn bọ̀ nínú àpótí tí wọ́n ti kàn pa. A ń sunkún yí àpótí náà ká, a kò mọ bí wọ́n ṣe tẹ́ wọn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kò tilẹ̀ mọ bí àwọn tó kú náà fúnra wọn ṣe fẹ́ kí á tẹ́ wọn.