Mervyn Tranter àti Omi Edé

Ọjọ́ tí Mervyn Tranter da oògùn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sínú àpótí ẹja rẹ̀ ni gbogbo ìlú Mackay mọ orúkọ rẹ̀. Omi òkun irinwó lítà ló wà nínú àpótí dígí yẹn, pẹ̀lú iyùn alààyè, ìyẹn ẹ̀dá òkun tó ń dàgbà lára òkúta, àti ẹja mẹ́sàn-án. Fọ́sífétì, èròjà tó ń mú koríko omi hù, ti pọ̀ jù nínú omi náà, koríko sì ti bo àwọn òkúta bí irùngbọ̀n. Mervyn wá rí ike oògùn kan nílé aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó ń lé fọ́sífétì kúrò nínú adágún. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó máa kán sí i. Ìlàjì ife ló dà sí i. Kó tó jókòó padà sórí àga rẹ̀, omi ti funfun bíi wàrà.

Glenys Pascoe, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí a ń tọ́jú iyùn, sáré dé.

“Mervyn, àwọn ẹja dà?”

“Wọ́n wà níbẹ̀.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Mi ò tíì rí èyí tó jáde.”

Ẹja méjì kú. Fọ́sífétì lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì padà sí ìwọ̀n 0.6 tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé eré ni ọ̀rọ̀ yìí fún un. Noelene, ìyàwó rẹ̀, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ iyùn aláwọ̀ àlùkò kan mọ́ òkúta àárín ní oṣù tó ṣáájú ikú obìnrin náà. Nígbà yẹn, iyùn náà fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n iyùn kì í gba fọ́sífétì púpọ̀ mọ́ra. Àwọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣá, á di àwọ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ìdí wá sókè. Ọdọọdún la ń wo ti Noelene bó ṣe ń súnkì. Láti orí àwo, ó di àtẹ́lẹwọ́. Láti orí àtẹ́lẹwọ́, ó di àtàǹpàkò. 0.1 péré ni Mervyn ń wá, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi wá a.

Púlọ́ńbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì gbà pé ìṣòro kan wà tí páìpù ò lè yanjú. Ó fi asẹ́ mẹ́ta kún èyí tó wà níbẹ̀. Ó ń ra kóró ìpẹtà tó máa ń fa fọ́sífétì mu, dọ́là mẹ́rìnlélógójì ìgò kan, ìgò méjì lóṣù. Owó yẹn lápapọ̀ tó ra ọkọ̀ ojú omi kékeré. 0.6 náà ló ṣì ń rí.

Ó wá pinnu pé oògùn tó fi ń wọn fọ́sífétì ló ń parọ́. Ó fi dán omi òjò wò, ó fi dán omi ẹ̀rọ wò, ó tún fi dán bíà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò. Oògùn náà sọ bíà di dúdú bí aró, àmì pé fọ́sífétì kún inú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì gbé e wá sí ìpàdé.

“Ẹ wò ó! Fọ́sífétì tó wà nínú èyí pọ̀ ju tèmi lọ, ẹnikẹ́ni nínú yín ò sì tíì bá a wí rí!”

Glenys ló padà rí ìdí tí fọ́sífétì Mervyn ò fi lọ sílẹ̀. Bí edé dídì tí a fi ń bọ́ ẹja bá ti yọ́, àwa yòókù á fọ̀ ọ́ nínú asẹ́, a ó sì da omi rẹ̀ sínú síǹkì, torí inú omi yẹn gan-an ni fọ́sífétì pọ̀ sí. Ó bá Mervyn níbi tó ti ń da abọ́ edé kan sínú àpótí, tomi tedé.

“Mervyn! Ṣebí omi yẹn la ní kí o máa dà nù!”

“Omi ọbẹ̀ wọn? Ṣé bí ìwọ ṣe ń jẹun nìyẹn, tí wọ́n á gbé ẹran fún ọ, tí wọ́n á da ọbẹ̀ nù?”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń fún wọn lójúmọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.” Ó gbọn èyí tó kù nínú abọ́ sínú omi. “Àti ìgbà tí ebi bá ń pa wọ́n.”

“Báwo lo ṣe ń mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n?”

“Wọ́n máa ń wò mí.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò jẹ́ dá omi edé dúró. Ó ní òun ti rí ẹnì kan tí kò lè jẹun mọ́ nínú ilé yẹn, òun ò ní rí ìkejì.

Nígbà tí àìsàn ọkàn kọlù ú, tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, Glenys ló ń bọ́ àwọn ẹja: edé díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn tó bá ti fọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó wọn omi náà. Ó tún un wọ̀n. Òun àti èmi jọ wà nínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, à ń rò ó lọ́nà. Ká sọ fún un, ká jẹ́ kó mọ̀ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń pa iyùn ìyàwó rẹ̀? Àbí ká dákẹ́, kó lọ láìgbọ́ nọ́mbà tó fi ọdún mẹ́sàn-án wá?

“Ṣé wọ́n ń jẹun?” Ìyẹn ló kọ́kọ́ béèrè.

“Wọ́n ń jẹun.”

“Nọ́mbà ńkọ́?”

Glenys wo ilẹ̀. “0.08.”

Mervyn wò mí, ó wo Glenys. Ó wá mí kanlẹ̀.

“Mo sọ fún yín pé oògùn adágún yẹn á ṣiṣẹ́. Ó kàn lọ́ra ni.”

Ó kú ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a lọ sílé rẹ̀ láti wo àpótí náà. Lórí àtàǹpàkò iyùn tó ṣẹ́kù, orí kan ti yọ, kékeré bí orí ìṣáná, aláwọ̀ àlùkò. Àwọn ẹja méjèèje tò sí ìhà kan dígí, ìhà tí àga rẹ̀ wà, wọ́n ń wo àga náà.

Glenys fọ edé nínú asẹ́ bó ṣe yẹ, ó sì fún wọn ní díẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n padà síwájú àga. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi edé lọ́wọ́, síǹkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ṣíbí kan péré,” ló wí, kò sì wojú mi.

Ó dà á sí i. A ò wọn omi lọ́jọ́ náà.